Ìgò Kẹsàn-án

Ẹ má bi mí bóyá mo gba oògùn gbọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fọ ìgò ní láàbù tí wọ́n ti ń wádìí aràn, ohun tí ojú mi sì ti rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ, ẹnì kan jí ìtọ̀ gbé nínú fíríìjì wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọgọ́ta ìgò ló yẹ kó wà nínú fíríìjì yẹn. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo ṣí i, mo kà á, mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mo tún un kà, mọ́kàndínlọ́gọ́ta náà ni. Àyè kan ṣófo láàárín ìgò kẹjọ àti ìkẹwàá bí ibi tí eyín ti yọ. Orí mi wú. Mo pa fíríìjì náà dé, mo fẹ̀yìn tì í.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Aláràn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń lọ sí etí odò kan, tó ń gba ìtọ̀ àwọn ọmọdé ibẹ̀, tó ń wá ẹyin aràn nínú rẹ̀. Inú ìṣáwùrú ni aràn ọ̀hún ti ń dàgbà. Bí ọmọ bá wọ odò, aràn á gba awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé sí i lára, kó tó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ náà á máa tọ̀. Àtọ̀sí ajá là ń pè é. Òun ló pa ẹ̀gbọ́n Aláràn. Etí odò yẹn ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ìyá wọn ṣì ń yan ẹja níbẹ̀ di òní. Wọ́n máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà náà pé bí ọmọkùnrin bá tọ ẹ̀jẹ̀, ó ti di ọkùnrin nìyẹn. Ó di ọkùnrin lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí wọ́n sin ín.

Àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń wádìí aràn, ẹni tó bá sì gbà á ni wọ́n máa fa iṣẹ́ odò náà lé lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ti ku ènìyàn méjì tó máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn adájọ́ lọ́jọ́ Ẹtì: Aláràn àti Onítáì. Onítáì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà jù láàárín wọn, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ bó tilẹ̀ ń fọ táńkì. Ó ti sọ létí gbogbo wa pé bí òun bá gbà á, òun ò ní tẹ etí odò kankan, inú táńkì ìṣáwùrú tó wà ní láàbù lòun ti máa ṣiṣẹ́ òun jẹ́jẹ́. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ etí odò á máa tọ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ, kò sẹ́ni tó máa yọjú sí wọn mọ́.

Ọ̀nà tá à ń gbà ṣiṣẹ́ wa rèé. Ènìyàn méjì ló ń ka ẹyin aràn inú ìtọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà á, wọn kò sì gbọdọ̀ mọ ìtọ̀ ta ni. Bí wọ́n bá mọ̀, ojú wọn á máa rí ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́. Nọ́ńbà nìkan là ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Àwa mẹ́fà tá a wà ní láàbù náà tọ̀ sínú ìgò tiwa, a kó o mọ́ ti àwọn ọmọdé, kí olùkà má lè mọ ti ẹni tára rẹ̀ le yàtọ̀. Aláràn ni olùkà kìíní, Onítáì ni ìkejì. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ lẹ nọ́ńbà, ẹsàn-án ló bọ́ sí ara ìgò Aláràn, Onítáì sì dúró níbẹ̀ gan-an tó rí i.

Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá wa, kò fọkàn tán akẹ́kọ̀ọ́ rí láyé ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun, èmi àti òun tilẹ̀kùn, a ṣí gbogbo nọ́ńbà náà kúrò, a tún un pín látìbẹ̀rẹ̀. Inú fìlà rẹ̀ ni mo ti ń mú bébà kéékèèké. Nígbà tá a parí, ó fi ìwé orúkọ sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó buwọ́ lù ú lójú ibi tó ti lẹ̀ pọ̀.

"Ìyá Onígò," ó ní, "ẹ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ yín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ pé a tún un pín. Bí àpò yìí bá fi lè ṣí kí wọ́n tó kà á tán lỌ́jọ́bọ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ọmọ yẹn ti wọmi."

Ṣé ẹ rí wàhálà mi? Ẹni tó jí ìgò kẹsàn-án, tí wọ́n ti ka ẹyin inú rẹ̀ tán kó tó sọnù, rò pé ti Aláràn ni. Kò mọ̀ pé a ti tún un pín. Èmi tí mo mọ̀ kò sì rántí ẹni tó ni ín. Ọgọ́ta ìgò, ṣé kọ̀ǹpútà ni mí ni? Ó lè ṣì jẹ́ ti Aláràn. Ó lè jẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ kan létí odò. Ó lè jẹ́ tèmi, ẹ gbà mí o! Àpò ìwé tó mọ̀ ọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ọwọ́ mi ò sì gbọdọ̀ kàn án.

* * *

Ohun tí Onítáì ṣe ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló padà jókòó níwájú mi tó jẹ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ọ̀sán gangan ló wọ ṣọ́ọ̀bù Aláàgo. Ọkùnrin yẹn ń tún aago ṣe ní ẹ̀yìn ọjà, ó ń ṣe oògùn mọ́ ọn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún débi pé ẹni méjì ò lè gba ara wọn kọjá níbẹ̀. Aago kún ògiri láti òkè délẹ̀, gbogbo wọn ló ń dún, kò sí méjì tó dún pọ̀. Gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago wà lójú ọ̀tún rẹ̀, kò sì yọ ọ́ nígbà tó gbójú sókè.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe ẹni náà? Kó kú?"

"Ó tì o, sà! Kó kàn máà lè sọ̀rọ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán."

"Ìṣẹ́jú kì í ṣòro fún mi." Aláàgo na ọwọ́. "Omi ara rẹ̀ ńkọ́?"

Onítáì yọ ìgò kẹsàn-án lápò.

"Ó dá ẹ lójú pé tiẹ̀ ni?"

"Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mí, sà."

Aláàgo wò ó lọ títí, gíláàsì náà sì sọ ojú rẹ̀ kan di ńlá. Ó mú irin wẹ́rẹ́ tó máa ń ká nínú aago, ó fi we ọrùn ìgò lẹ́ẹ̀meje. Ó yọ́ ìda sí ìdérí rẹ̀. Ó wá tẹnu bọ etí ìgò náà, ó ń sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń tan ọmọ kékeré. Onítáì ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó gbọ́ ni pé gbogbo aago ara ògiri dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ létí òun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Gbé e sábẹ́ ibùsùn rẹ," Aláàgo wí. "Lójoojúmọ́ ni á máa fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bó bá di ọjọ́ keje, ó ti tì pa."

* * *

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n pa ọ̀rọ̀ ìgò náà mọ́ inú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìṣáwùrú kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́.

Táńkì ìṣáwùrú wa wà níwájú tábìlì gígùn tí Aláràn àti Onítáì jọ ń jókòó sí. Ìsàlẹ̀ omi ni àwọn ẹ̀dá yẹn máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń jẹ koríko. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ti jáde kúrò nínú omi. Ó tó igba. Wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì kan ṣoṣo, èyí tó kọjú sí tábìlì àwọn méjèèjì, wọ́n yọ ìwo, kò sí èyí tó mira.

Aláràn ki ọwọ́ bọ omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wọn bó ṣe gbóná sí. "Omi ò ṣe nǹkan kan, Màámi." Ló bá wúkọ́.

Ikọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n dákẹ́ mọ́. Mo fà á wọ yàrá tí mo ti ń fọ ìgò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àyàfi ti pé a tún nọ́ńbà pín, torí olùkà ni. Mo rò pé á pariwo. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Màámi, ẹni tó bá ń fẹ́ ìtọ̀ mi, ṣebí kó bi mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń tọ̀ ọ́."

"Mi ò bá ẹ ṣàwàdà o! Wọ́n fẹ́ di ẹ́ ni!"

"Kí wọ́n dì mí." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi fi tọ ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó sá nítorí rẹ̀. Èmi á wá sá nítorí ìgò kan? Lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjìlá, mo máa dúró níwájú wọn. Bí wọ́n bá di ẹnu, mo ní ọwọ́. Bí wọ́n bá di ọwọ́, màá fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ wo ọmọ! Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni tàbí kí n dì mọ́ ọn.

Bá a ṣe jáde, Onítáì ń wọlé bọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà," ó kí mi, ohùn rẹ̀ ha. Ó fọwọ́ tú táì rẹ̀ díẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni. Mo dá a lóhùn pé kó mu omi gbígbóná, èmi òmùgọ̀.

* * *

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Onítáì dúró níwájú dígí, ó ń ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi àmì-ẹ̀yẹ náà dù ú. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọdún yìí ni. Ó kà á dé ìdajì, ohùn rẹ̀ já. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé nínú dígí, nǹkan kan ò jáde.

Lábẹ́ ibùsùn, ó gbọ́ ohun kan tó ń dún, kí-kí-kí, bí aago kékeré. Kò sí aago nínú yàrá náà.

Ohùn rẹ̀ padà. Ó mu omi gbígbóná, ó ta bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ni. Ẹ wo onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa.

* * *

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń káwọ́ gbera. Ọ̀sán Ọjọ́rú, mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn àtijọ́ ló ń gbé, ohun tó sì mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ lọ. Mi ò mọ Aláàgo nígbà náà, àmọ́ Ìyá Agbẹ̀bí mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo kó áńkáṣíìfù Aláràn àti gèlè mi fún un.

Ó da omi sínú bésìnì tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, ó já ewé kan sí i tí kò jẹ́ kí n rí dáadáa. Omi náà dúdú. "Ẹni tí wọ́n bá ti dì nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó wí, "aṣọ rẹ̀ á rì."

Ó ju áńkáṣíìfù sí i, mo di ojú. Ó ju gèlè sí i. Nígbà tí mo lajú, àwọn méjèèjì léfòó, wọ́n gbẹ fúrúfúrú lókè.

"Wọn ò di ẹ̀yin kankan níbí."

"Ọpẹ́ o! Ta ni wọ́n wá dì?"

"Aṣọ rẹ̀ ò sí nínú bésìnì mi." Ó fún mi ní òwú dúdú kan tó ta ní kókó mẹ́ta. "Rán an mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ rẹ. Ohun ẹlòmíràn ò ní ràn án. Àmọ́ bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Mo rìn padà sí láàbù tí mo ń rò ó. Bí kò bá jẹ́ Aláràn, bí kò bá jẹ́ èmi, ó lè jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ kan létí odò ló ń kú lọ láìmọ̀dí. Mo jókòó síwájú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Mo tún yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ sílé, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

* * *

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ka ti ìkẹyìn tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n pe gbogbo wa jọ yí tábìlì gígùn náà ká, ó ní kí n gbé àpò ìwé wá. Ó fi ibi tó buwọ́ lù hàn wọ́n, ó wá sọ fún wọn pé a tún nọ́ńbà náà pín lẹ́yìn ọjọ́ kìíní.

Ojú mi bọ́ sára Onítáì. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé òkúta mì láti àná. Ó dúró sójú kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kà, Aláràn ń kọ. "Ẹ̀kíní, ọmọkùnrin, ọdún mẹ́jọ. Ìkejì, ọmọbìnrin, ọdún mọ́kànlá." Ó ń kà á lọ bí ẹni ní gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́. "Ìkẹjọ, Ìyá Onígò." Mo mí kanlẹ̀. "Ìkẹsàn-án..." Ó sún ìwé mọ́jú, ó gbójú wo òdìkejì tábìlì. "Ìwọ ni, Onítáì. Kò sí ẹyin aràn kankan. Ara rẹ le."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Onítáì. Ó ya ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí lásán ló jáde. Nínú táńkì, mo gbọ́ tí àwọn ìṣáwùrú ń já bọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, pọ́, pọ́, pọ́.

Ó sá jáde. Aláràn wò mí, mo wò ó. Ó yé wa.

* * *

"Ẹni tó bá dè é kì í tú u." Ohun tí Aláàgo sọ fún Onítáì nìyẹn nígbà tó sá padà lọ bá a, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bó bá sì jẹ́ ara ẹni lèèyàn dè, kò sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́, títí láé ni. Ẹni tó o torí ẹ̀ dè é nìkan ló lè tú u, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, tinútinú. Ohun tó wà nínú ẹ̀ á sì wá ilé míì wọ̀. Mo bi ẹ́ bóyá ó dá ẹ lójú, àbí n ò bi ẹ́?"

Aago mẹ́ta ọ̀sán, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yàrá ìfọgò mi, tòun ti táì. Ìgò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìda dúdú lórí rẹ̀, irin wẹ́rẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ohùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ rárá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó nà án sí Aláràn: ohun tó ṣe, ohun tí Aláàgo wí, ewu tó wà níbẹ̀. Kò fi ewu náà pa mọ́, ìyẹn nìkan ni mo rí yìn ín fún.

Mo já ìwé náà gbà, mo kà á, mo jágbe mọ́ ọn. "Dìde níbẹ̀! Ọmọ ọ̀dàlẹ̀! Ìwọ tó o jókòó tì í fún ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ jọ ń jẹun! Ṣé o rí i, ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Jẹ́ kó tọ̀ ẹ́ dáadáa! Aláràn, má fọwọ́ kan nǹkan yẹn o. Ọ̀la ni wọ́n máa fún ẹ ní àmì-ẹ̀yẹ rẹ."

Aláràn yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó bi Onítáì pé, "Bí mi ò bá tú u ńkọ́?"

Onítáì kọ ọ́: *Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi.*

"Ó tọ́ sí i!" mo pariwo.

"Ó tọ́ sí i, Màámi. Èmi ni kò tọ́ sí." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ṣé kí wọ́n fún mi lọ́la torí pé kò sẹ́ni tó lè bá mi dù ú? Kí wọ́n máa sọ pé ọlá ikọ́ ni mo jẹ? Mi ò gbà. Mo fẹ́ nà án ní gbangba, kóhùn rẹ̀ já gaara, kó so táì rẹ̀ kó le. Bí mo bá sì jẹ́ kí Aláàgo pinnu ẹni tó máa sọ̀rọ̀ nípa odò yẹn, kí ni mo wá fi ọdún mẹ́ta kà?"

"Wọ́n ní á wá ilé míì wọ̀! Ohùn tìẹ ni á mú!"

"Kó wá mú un."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra yọ ọ́. Ó gba ìgò náà, ó sì là á mọ́ etí abọ́ ìfọgò.

Òórùn tó jáde kì í ṣe òórùn ìtọ̀. Irin wẹ́rẹ́ náà tú, ó ń fò kiri nínú abọ́ bí ohun tó ní ẹ̀mí, kí-kí-kí-kí, ó wá dákẹ́. Òwú dúdú tí mo rán mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun," Onítáì wí, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó bú sẹ́kún.

Aláràn ya ẹnu láti fèsì. Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó wò mí, èmi náà sì mọ̀.

* * *

Gbọ̀ngàn náà kún lọ́jọ́ Ẹtì. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó níwájú. Onítáì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ inú táńkì rẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Aago ara ògiri lu méjìlá. Aláràn dìde, ó lọ dúró níwájú pátákó, ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ́ka wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohùn kankan. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, mo yíjú padà mo bá a wí. Àgbà adájọ́ ní òfin ni pé kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ náà létí lójú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá lè sọ ọ́, ó lè jókòó.

Aláràn mi orí, kò jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kà á fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló jọ ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, olùkà kejì." Ó tọ́ka sí Onítáì.

Inú mi gbóná. Kí ẹni tó fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ tún wá di ẹnu rẹ̀! Mo fẹ́ dìde kí n tú gbogbo àṣírí ká. Aláràn ti rí mi. Ó fi ọ̀pá náà juwọ́ sí mi pé kí n jókòó, ó sì na ìwé rẹ̀ sí Onítáì.

Ó ń kà á. Aláràn ń tọ́ka sí iye ẹyin tó wà lójú pátákó bó ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ mọ́kànlélógún tó ti lo oògùn, tí aràn tún padà sára wọn kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ibi tí ìyá wọn ti ń fọ aṣọ, tí ìṣáwùrú pọ̀ sí jù. Onítáì dé ojú ewé kẹrin, ó ṣí i kọjá.

Gbò! Aláràn fi ọ̀pá lu pátákó. Gbogbo gbọ̀ngàn ta gìrì.

Ó ka ìlà kan ní ojú ewé karùn-ún. Gbò! Aláràn tún lù ú. Ó nawọ́, ó fi ìka méjì ṣí ìwé náà padà fún un, ó wò ó lójú. Òógùn bo iwájú orí Onítáì. Ó ka ojú ewé kẹrin.

"Ohun tí ìṣáwùrú ń ṣe nínú táńkì láàbù," ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "kò bá ohun tí wọ́n ń ṣe nínú odò mu. Ẹni tó bá gbára lé táńkì nìkan á ṣì àwọn ọmọ náà lọ́nà."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ wó yẹn, gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Kò dúró mọ́ títí ó fi kà á dé ìkẹyìn, níbi tí Aláràn ti kọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n sọ fún pé ó ti di ọkùnrin.

Àgbà adájọ́ tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ olùkà kejì, ìwọ náà ń díje. Ṣé òótọ́ ni iye wọ̀nyí? Ṣé o dúró tì í?"

Èémí mi dúró. Irọ́ kan péré, ó ti parí. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo Aláràn. Aláràn ò gbé ọ̀pá sókè. Ó kàn ń wò ó.

"Mo dúró tì í, sà," Onítáì wí. "Èmi náà kà á. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀."

Wọ́n fún Aláràn. Mo kígbe títí ohùn tèmi náà fi ha. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó gbé àmì-ẹ̀yẹ náà sórí tábìlì, ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà: *Ọkọ̀ tó ń lọ sódò máa gbéra ní aago méje òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó gbé ìgò dání.*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ohùn rẹ̀ tó padà, kò sì padà bó ṣe wà. Bó bá pè yín lórí fóònù lónìí, ẹ máa rò pé bàbá arúgbó kan ni. Ó ní kò dun òun, ẹyin aràn kì í gbọ́ràn.

Mo gbé páálí ìgò kan lórí lówùrọ̀ ọjọ́ kejì àmì-ẹ̀yẹ náà, mo bá wọn lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fọ ìgò, mi ò dé odò náà rí. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ tọ̀ sínú ìgò níwájú mi, ó nà án sí mi, ó ń fi yangàn. Ó pọ́n. Mo gbé e fún Aláràn. Ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ó bu oògùn fún ọmọ náà, ó dúró tì í títí ó fi gbé e mì, ó sì nawọ́ pe ọmọ tó kàn.